Fèrèsé Ilé Tó Ti Wó

Àtìní, àwẹ̀ kẹta

Má bínú, kàyé, ìwé mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò dára, ọ̀rọ̀ mi sì ń falẹ̀. CM1, kíláàsì karùn-ún, ni mo dé kí n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa níbẹ̀. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ní kíláàsì àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí ni mo ti kọ́ ọ, oṣù díẹ̀ péré kí wọ́n tó wá tọrọ mi. Mo ní láti pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu kí n tó kọ ọ́, mo dẹ̀ ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ará ilé má baà rò pé mò ń dá sọ̀rọ̀.

Idriss, ọkọ mi, ló ra kàyé yìí fún mi ní ọjà Ouando, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ. (Mo lè kọ orúkọ rẹ̀. Mi ò tíì lè fi ẹnu pè é.) Ó ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí, tó bá kún ọ nínú, dà á síbẹ̀." Ó ti gbé ọkọ̀ ẹrù kúrò ní bodè Kraké, Malanville lókè àríwá ló ń lọ, ó lè di ìparí àwẹ̀ kó tó padà. Tó bá pè, pọ̀tábù Ìyá ló ń pè, torí tèmi ti bàjẹ́.

Ìyá ni ìyá ọkọ mi. Tàńtí Kafayatou ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ tó padà wálé. Àwa mẹ́ta náà la wà nínú ilé ní àdúgbò Akron yìí. Àwẹ̀ mi àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wọn rèé. Èmi ni mò ń se sàárì, èmi ni mò ń se ìṣínu.

Oòrùn ń pa èèyàn. Wọ́n ti fi owó lé yìnyín.

Àlàmísì, àwẹ̀ kẹfà

Mo jókòó sí yàrá, mò ń wo fèrèsé wa. Ilé Àgùdà àtijọ́ tó wà níwájú ilé wa ló ni ín. Òjò ọdún tó kọjá ló wó ilé náà. Kí wọ́n tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ló ti kó nínú rẹ̀, ẹni kan bíríkì, ẹni kan ilẹ̀kùn. Idriss gbé fèrèsé kan, aláwọ̀ aró, onípákó pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Ó gbẹ́ ògiri, ó fi í sí yàrá tó ń tún ṣe dè mí. Kò bá ilé yìí mu rárá. Òun àti èmi la jẹ́ àlejò níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an rèé: ó ti padà dé. Ó ṣe mí lọ́sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, ó sì lọ. Báyìí, tí mo bá fẹ́ tọ̀, bí ìgbà tí wọ́n da ata sí mi lára ni. Màá lọ, màá bọ̀, ẹ̀kán méjì péré ni yóò jáde. Mo ti dín omi tí mò ń mu ní ìṣínu kù, bóyá á sinmi.

Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìyá mi ti kú. Bàbá mi wà ní Adjarra, ọkùnrin ni. Idriss, nínú pọ̀tábù ìyá rẹ̀ kẹ̀?

Jímọ̀, àwẹ̀ keje

Ìyá ti rí i. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí a ń jẹ sàárì, wọ́n kàn gbé agolo mílíìkì tó máa ń wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ṣí i. Gbogbo àjẹkù oògùn inú ilé ló wà níbẹ̀, ti bàbá ọkọ mi olóògbé, ti eyín Tàńtí Kafayatou, èyí tí wọ́n rà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ìborùn bo igbá rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n ṣa kápúsù oníyẹ̀fun, tí ìdajì rẹ̀ pupa, tí ìdajì dúdú.

"Méjì ní sàárì, méjì ní ìṣínu. A ò lè gbé oògùn mì lọ́sàn-án. Tó bá ti fúyẹ́, dá ìyókù padà síbẹ̀. Ẹlòmíràn á lò ó."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Má sọ fún Kafayatou. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí."

Mo fẹ́ sunkún nítorí oore yẹn. Ìyá bẹ̀rù Ọlọ́run gan-an. Kí wọ́n tó kírun kan tán, wọ́n á ti padà lọ ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń gbọ́ omi ní balùwẹ̀.

Àláàdì, àwẹ̀ kẹsàn-án

Ó ti fúyẹ́! Mo dá ìyókù padà sínú agolo. Àkàrà mi kò fa epo lónìí. Tàńtí jẹ mẹ́rin, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ó tún mú ọ̀kan.

Àlàmísì, àwẹ̀ kẹtàlá

Àná ni mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó ti padà láti ọjọ́ Àtàláátà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn mi ń fọ́ mi níbi ìhà, òtútù ń mú mi nínú oòrùn. Oníyẹ̀fun méjì méjì náà ni mo tún ń jẹ, kò gbọ́.

Tàńtí Kafayatou ló pe zém. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó sé mi mọ́ àárín òun àti ọlọ́kadà kí n má baà jábọ́. Mi ò ní gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ níkùn mi.

Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, dókítà bi mí ní ìbéèrè sókè, lójú Tàńtí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn ìgbéyàwó? Ṣé ó ń ta ọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Mo ń mi orí bíi ti aláǹgbá. Wọ́n gba ìtọ̀ mi lọ yẹ̀ wò ní lábò. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà, wọ́n ní kí n padà wá gba rísúltà, èsì àyẹ̀wò náà.

Nígbà tí a dé ilé, mo gbọ́ Tàńtí níwájú yàrá Ìyá. "Àìsàn ìsàlẹ̀ ni o. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló bẹ̀rẹ̀, ó lóun ò mọ ibi tó ti wá. Ta ni kò mọ̀?"

Jímọ̀, àwẹ̀ kẹrìnlá

Wọ́n ti ya àwo mi sọ́tọ̀. Wọ́n ya gáráwà omi mi náà sọ́tọ̀, wọ́n so okùn pupa mọ́ etí rẹ̀.

Idriss pè. Ìyá gbé pọ̀tábù lọ sí àgbàlá, ṣùgbọ́n fèrèsé mi kì í dí ohùn. Mo gbọ́: "Á lọ sí Adjarra lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá mọ́ tán, ó lè padà." Wọ́n ń tẹ́tí sí èsì. "Má pariwo mọ́ mi." Wọ́n tún tẹ́tí. "Ó dáa. Kí rísúltà dé ná."

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Gbogbo ara mi di etí, mi ò gbọ́.

Wọn ò pè mí láti bá a sọ̀rọ̀.

Àláàdì, àwẹ̀ kẹrìndínlógún

Mo dá jẹ ìṣínu. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Àtàláátà, àwẹ̀ kejìdínlógún

Mo dá lọ gba rísúltà. Ọ̀rọ̀ òní pọ̀, kàyé, ní sùúrù fún mi.

Obìnrin kan ló wà ní lábò, ó tó Tàńtí lọ́jọ́ orí, Édith ni wọ́n ń pè é. Ó nawọ́ bébà sí mi, ó rí i pé mò ń wò ó lásán. Ó ní kí n wọlé. Ó gbé àwo kékeré pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù, funfun kan tẹ́ sórí rẹ̀ bí eérú, àwọn bébà róbótó róbótó sì wà lórí rẹ̀ bíi bọ́tìnnì.

"Kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ rẹ ni mo gbìn síbẹ̀. Oògùn wà lára bébà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lè pa wọ́n, wàá rí i pé àyíká rẹ̀ á mọ́, bí ìgbà tí èèyàn gbá ìdí igi."

Mo wò ó. Kòkòrò ti kún dé ẹnu bébà, wọ́n fi ara tì í. Àyíká ẹyọ kan ṣoṣo ló mọ́.

"Èwo ni pupa àti dúdú?"

Ó fi ìka kàn án. Wọ́n ti rọ̀gbà yí i ká pinpin, bí ẹni tó ń wo ìran.

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo bi í bóyá ìwà tí obìnrin ń hù níta ló ń fà á. Ó wò mí títí.

"Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ? Inú ìfun rẹ ni kòkòrò yìí ń gbé, ó wà nínú tèmi náà. Ó kàn ṣìnà wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ó máa ń ṣe àwọn ìyàwó tuntun gan-an, nítorí ohun tí ìyàwó tuntun ń bá ọkọ rẹ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀, ṣé o gbọ́?"

Mo fi ìbòrí bo ojú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í láti inú ìbòrí pé, bó bá jẹ́ kòkòrò lásán ni, kí ló dé tí oògùn ò fi pa á?

"Níbo lò ń gbé?"

"Akron. Ní ojúkojú ilé Àgùdà tó wó."

Ó gbé àwo náà sílẹ̀. "Ilé olókè, tó ní òdòdó lára ògiri? Ilé ìyá bàbá mi nìyẹn." Ó yíjú sí mi. "Kí lẹ̀yin kó níbẹ̀?"

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. "Fèrèsé kan, màdáàmù."

"Aláwọ̀ aró? Ibẹ̀ ni màmá àgbà máa ń jókòó, tó ń bú àwọn tó ń kọjá." Ó tún rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. "Ó dáa, gbọ́. Ilé yẹn ti kú. Fèrèsé rẹ̀ ò kú, ó ti di ara ilé yín, ẹ fi ń gba atẹ́gùn. Bí àwọn kòkòrò ṣe ń ṣe nìyẹn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú wọn, òun ló ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa jẹun, bí wọ́n ṣe máa bímọ, bí wọ́n ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Tí ọ̀kan bá kú, ara rẹ̀ á tú, okùn náà á já, á dà síta. Àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé, tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á fa ègé rẹ̀ kan wọlé, wọ́n á la tiwọn, wọ́n á fi í sí i. Láti ọjọ́ náà ó ti di tiwọn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí, pẹ̀lú fèrèsé yẹn ni wọn á bí i. Irú tìẹ yìí kì í sábà dúró de òkú. Ọ̀kan á na ọwọ́ sí èkejì, á fún un lójú ayé."

"Láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan?"

"Láì bá ara tan. Àgùdà àti ìmàle."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀rín mi.

Ó wá bi mí bí mo ṣe ń lo oníyẹ̀fun náà. Mo sọ fún un nípa agolo, nípa méjì ní sàárì, méjì ní ìṣínu, nípa dídá ìyókù padà. Kò bú mi. Ó ní, "Àwọn tí kò ní fèrèsé ló kú. Àwọn tó ní in ló ṣẹ́ kù, wọ́n rí ilé tó ṣófo, wọ́n bí ọmọ kún un. Ẹ gbé àjẹkù fún ẹlòmíràn nínú ilé, tiẹ̀ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń jẹun pọ̀, ẹ̀ ń lo ṣáláńgá kan. Àwọn kòkòrò yín ti mọ ara wọn."

Dókítà ní abẹ́rẹ́ ni, ojoojúmọ́, èyí tí àyíká rẹ̀ mọ́ yẹn. Ó ní kí n mu omi dáadáa, kí n má gbààwẹ̀ mọ́, ìyókù di ìgbà tí ara bá le. Ó ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i ni, á ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ojú ọ̀nà mo ń tún ọ̀rọ̀ Édith pè lẹ́nu kí n má baà gbàgbé. Mo dé ilé, Ìyá ní, "Kí ni wọ́n wí?" Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni." Mo wọ yàrá.

Àlàmísì, àwẹ̀ ogún

Mo ń mu omi lẹ́yìn fèrèsé bí olè. Ibi tí wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń fi mí sílẹ̀. Mo tọ̀ láàárọ̀, kò ta mí. Mo dúró síbẹ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ibi tí èèyàn kì í ti í dárúkọ Rẹ̀.

Wọn ò tíì dá àwo mi padà. Ìyá ti bi mí iye aṣọ tí mo fẹ́ kó lọ sí Adjarra.

Jímọ̀, àwẹ̀ kọkànlélógún

Mo ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni. Tàńtí ṣí yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn, ó bá ife lẹ́nu mi.

"Háà! Ìyá, ẹ wá wò ó! Ìyàwó ń mu omi lójú oòrùn! Ṣé oyún ni, àbí nǹkan oṣù ni, àbí ìtìjú ló tán?"

Ìyá dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ wólẹ̀ tọrọ àforíjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo sì rí okùn pupa lára gáráwà lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé yìí, ilé wa ló bí i?"

"Kí ló ń wí?"

"Nínú ilé tó kú la ti gbé e. Báyìí ó ti di tiwa, ẹni tó bá bá a níbí á rò pé a bí i mọ́ ilé ni. Kòkòrò ara mi náà, ti ilé ni, kì í ṣe ti ìta. Gbogbo èèyàn ló ní in. Ṣùgbọ́n ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ kòkòrò mìíràn, ó fi sí ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn ò fi pa á. Mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀. Àwọn méjì méjì tí à ń jẹ nínú agolo, òun ló ń pa àwọn tí kò lágbára, tó ń fi àwọn alágbára sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jẹ nínú agolo yẹn, kòkòrò tiwọn náà lè ti ní fèrèsé."

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí mi. Tàńtí la ẹnu, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo Ìyá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá yí padà, wọ́n lọ sí balùwẹ̀. Mo gbọ́ omi.

Àláàdì, àwẹ̀ kẹtàlélógún

Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀. Agolo kò sí lókè kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n bínú sí mi tàbí sí agolo.

Mo ti di ẹrù Adjarra. Báàgì kan péré ni.

Àlàmísì, àwẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ ti parí. Édith tún gbin ìtọ̀ mi, àwo náà mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan tó hù. Ó ní kí n kí fèrèsé.

Òjò rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pẹ́. Tàńtí Kafayatou wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń sọ gbólóhùn sí mi lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni tó ń ju òkúta sómi.

"Nígbà tí eyín ń dùn mí, inú agolo yẹn ni mo ti jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí."

"Ṣé tèmi náà ti ní fèrèsé?"

"Mi ò mọ̀, Tàńtí."

"Bó bá jẹ́ tèmi ni, ilẹ̀kùn ńlá ló máa ní." Ó dìde. "Wọn ò jẹ́ kí èmi náà ṣàlàyé nílé ọkọ mi tẹ́lẹ̀rí." Ó wọlé lọ. Nígbà tí mo jáde, kò sí okùn pupa lára gáráwà mọ́.

Ọjọ́ ọdún

Ó dé! Àpò àlùbọ́sà Malanville méjì ló gbé sọ̀kalẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá, mo pè é lórúkọ. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo pè é. Ó ní òun ò gbọ́, kí n tún un pè.

Inú àwo kan náà ni èmi àti Ìyá àti Tàńtí ti jẹun. Ìyá kàn sún ẹran sí ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ kẹta ọdún

Mo tú báàgì Adjarra. Mo ń to aṣọ padà nígbà tí Ìyá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ Adjarra fún ọkọ rẹ, ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á kúkú gbé ọkọ̀ ẹrù òun lọ sí Adjarra náà, kí àlùbọ́sà jẹrà síbẹ̀. Ó pariwo mọ́ mi. Kò pariwo mọ́ mi rí."

Mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Mo ń wo fèrèsé.

Mo rò pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá ń fi ìka ká etí ìró wọn. "Ìyàwó, nǹkan yẹn tó ń ta èèyàn. Tèmi ti wà lára mi kí o tó wọ ilé yìí. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Tó bá dé, màá jẹ méjì, á lọ. Tó bá padà, màá jẹ méjì. Àlùwàlá tí mò ń tún ṣe yẹn, mi ò lè di ìtọ̀ mú ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kafayatou?"

Ohun tí mo kọ sínú rẹ, kàyé, ní àwẹ̀ kẹfà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ní ẹnu wọn.

Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò fà á padà. Wọ́n bi mí bóyá obìnrin lábò yẹn máa ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo ní rárá, Ìyá, ó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Wọ́n bi mí bóyá á bi wọ́n ní nǹkan nípa fèrèsé. Mo ní á bi yín, ẹ kàn sọ fún un pé ó ṣì ń ṣí dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge. Wọ́n lọ múra.

Tàńtí ti lọ sí Ouando, Idriss ń sùn. Mo ń kọ èyí kíákíá. Tí a bá dé ibẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ojú má baà ti wọ́n. Màá sọ fún Édith pé ìyá mi rèé, pé àwọn náà

Wọ́n ń pè mí. "Naïmath! Zém ti dé o, wá bá mi jókòó sẹ́yìn, kí o sé mi mọ́ àárín kí n má baà jábọ́!"